Bí Àyà Títa Kò Bá Lọ: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹ̀rù Àyẹ̀wò Dá Wa Dúró



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Bí a bá ti gbé tábìlì ìlera jáde síwájú mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ ọ: “Àyà ń ta mí.” Àwọn kan á ní ó dà bí ẹni pé wọ́n dáná sí àwọn láyà. Àwọn mìíràn á ní omi kíkan ló ń gun àwọn lọ́fun lóru. Bí a bá bi wọ́n pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn wọn kì í sábà jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún ni ọ̀pọ̀ máa ń dárúkọ. Bí a bá sì bi wọ́n pé kí ni dókítà sọ, ibẹ̀ ni ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀: “Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. N ò tíì lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló mú wa kọ̀wé yìí. Àyà títa ní oògùn, ó sì ní ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ọ́ di wàhálà ọlọ́jọ́ gbọọrọ nínú ọ̀pọ̀ ilé ni pé ènìyàn á máa ra oògùn lóṣooṣù kó má baà lọ síbi àyẹ̀wò. Oògùn náà á máa pa iná, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń jó.

Kí ló ń ta wá láyà?

Nínú àpòlúkù olúkúlùkù wa ni omi kíkan kan wà tí Ọlọ́hun dá síbẹ̀. Òun ló ń bá wa fọ́ ẹran àti ẹ̀wà sí wẹ́wẹ́, òun náà ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé. Omi yìí le púpọ̀, ṣùgbọ́n awọ inú àpòlúkù ní ààbò tí kì í jẹ́ kó bó o. Ọ̀nà ọ̀fun tí oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti ẹnu kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iṣan róbótó kan wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé àpòlúkù, ó ń ṣe bí ìlẹ̀kùn. Ó ń ṣí kí oúnjẹ wọlé, ó sì ń pa dé kí ohun tó ti wọlé má padà gòkè. Bí ìlẹ̀kùn yìí bá dẹ̀, tàbí tí ikùn kún débi pé ó ń tì í láti ìsàlẹ̀, omi kíkan á gòkè dé ibi tí kò yẹ kó dé. Iná tí à ń rò pé ó ń jó lórí ọkàn wa nìyẹn.

Ara sísan jù, oyún, àjẹkì, sìgá, àti kí ènìyàn sùn bí ó bá ti jẹun tán, gbogbo wọn ló lè fà á. Nínú àwọn ẹlòmíràn, apá kan àpòlúkù ló ti yọ gòkè gba ojú ihò iṣan tó pín àyà níyà sí ikùn. Àwọn oògùn kan náà lè dẹ ìlẹ̀kùn yìí, títí kan díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má torí ìyẹn dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín dúró o. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, yóò mọ èyí tí ó lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe àyà nìkan ló máa ń fi ara hàn sí. Gùnfẹ̀ kíkan, ìkọ́ gbígbẹ lóru, ẹnu kíkan ní òwúrọ̀, àti ohùn tó há lè jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ládánì wa bá fẹ́ pe ìrun àsùbáà tí ohùn rẹ̀ há lójoojúmọ́, tó sì já gaara kó tó di ọ̀sán, ó yẹ kí á bi í bóyá àyà ń ta á lóru.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọgbẹ́ inú

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni tí inú tàbí àyà bá ti ń ta, “ọgbẹ́ inú” ni a máa ń pè é lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ọgbẹ́ inú jẹ́ egbò gidi lára awọ àpòlúkù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi gbà pé àníyàn àti ata ló ń dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà méjì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, ya kòkòrò àìfojúrí kan sọ́tọ̀ tó ń gbé inú àpòlúkù, èyí tí a ń pè ní Helicobacter pylori. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 2005. Lónìí a mọ̀ pé kòkòrò yìí àti àwọn oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti piroxicam ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọgbẹ́ inú.

Ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí ni pé ìtọ́jú wọn yàtọ̀. Ẹni tí kòkòrò yìí wà lára rẹ̀ nílò oògùn apakòkòrò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú oògùn tó ń dín omi kíkan kù, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ó bá ń lo oògùn omi kíkan nìkan fún ọdún mẹ́ta, ara yóò tù ú lónìí, yóò sì padà lọ́la, nítorí kòkòrò náà kò lọ síbì kankan. Ẹni tó sì jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ọ̀fun rẹ̀ ló dẹ̀, oògùn apakòkòrò kò ní bá a dí i. Àyẹ̀wò ló ń sọ èwo ni èwo.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi èyí kún un. Bí àyà bá ń dun ènìyàn bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò ó, tí èémí rẹ̀ sì ń há, ẹ má fún un ní oògùn àyà títa. Ọkàn lè ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń lo oògùn

Àwa tí à ń ta oògùn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà tí ènìyàn bá ní “oògùn yìí kò ṣiṣẹ́ lára mi,” bí wọ́n ṣe lò ó ni kò tọ̀nà.

Oògùn funfun olómi tí a ń gbọ̀n kí a tó mu, omi kíkan tó ti wà nílẹ̀ ló ń pa. Ó ń tètè ṣiṣẹ́, kì í sì í pẹ́ lára. Ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ ciprofloxacin, tetracycline tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, nítorí kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ ara dáadáa. Ẹ fi ó kéré tán wákàtí méjì sí àárín wọn.

Omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí omi kíkan ti ń jáde ni wọ́n ń tì. Nítorí náà, kí oúnjẹ tó wọlé ni a ń lò wọ́n, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó lò ó lẹ́yìn tó ti jẹ iyán tán, ilẹ̀kùn ló ń tì lẹ́yìn tí olè ti wọlé. Ó sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó hàn tán, kò yẹ kí a lò ó lẹ́ẹ̀kan kí a sì sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni dókítà sábà máa ń kọ fún ènìyàn. Bí ẹni tó ti lò ó pẹ́ bá dá a dúró lójijì, omi kíkan lè jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé àrùn ti burú sí i. Ẹ bá dókítà tàbí apoògùn sọ̀rọ̀ kí a lè dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ní ti ẹ̀sìn, a kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ; ní ti ara, ọtí ń dẹ ìlẹ̀kùn ọ̀fun, ó sì ń bó awọ àpòlúkù. Ẹ ṣọ́ra fún kán-ún tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí. Àwọn tó sì ń bèèrè nípa oògùn tó wà nínú kápúsù, òótọ́ ni pé ara ẹran ni wọ́n ti ń rí gelatin tí wọ́n fi ṣe é, ó sì lè jẹ́ ti màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ bi apoògùn yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníhóró tí kò ní kápúsù wà tí ó lè fún yín.

Oúnjẹ, oorun, ìrun àti ààwẹ̀

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a má kún inú wa ní àkúnya, kí a pín in sí mẹ́ta: ti oúnjẹ, ti omi àti ti èémí. Bí gbogbo ẹni tí àyà ń ta bá lè di ẹ̀kọ́ yìí mú, oògùn tí wọn yóò máa rà yóò dín kù. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin sàn ju àjẹyó lẹ́ẹ̀kan lóru. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́ta kọjá láàárín oúnjẹ alẹ́ àti oorun.

Ata, òróró tó pọ̀, tòmátì, kọfí, obì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò máa ń dá a sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ara kò jọra. Dípò kí ẹ ka ohun gbogbo léèwọ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tí ẹ jẹ àti ìgbà tí àyà ta yín sílẹ̀. Ìwé yìí á sọ ohun tí ẹ nílò láti dín kù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dẹ ìró tí ẹ ń gbà mọ́ ikùn. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dẹ bẹ́líìtì.

Bí ó bá jẹ́ òru ló ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí tí a kó jọ kò ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí ọrùn ló ń tẹ̀, ó sì ń ká ikùn kò. Sísùn ní ìhà òsì náà máa ń ran àwọn tí àyà ń ta lọ́wọ́, nítorí bí àpòlúkù ṣe wà nínú ara. A mọ̀ pé sunnah ni kí a fi ìhà ọ̀tún sùn. Aláìsàn lè fi ìhà ọ̀tún dùbúlẹ̀ ka àdúà rẹ̀, kí ó sì yí sí òsì lẹ́yìn náà nítorí ìnira rẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ bi àáfà yín.

Ní ti ìrun, orí máa ń rẹlẹ̀ ju ikùn lọ nígbà tí a bá forí kanlẹ̀. Bí inú bá kún, omi á gòkè. Ẹ jẹun níwọ̀nba kí ẹ tó kírun. Bí ó bá le púpọ̀, ẹ̀sìn wa ní ìrọ̀rùn fún aláìsàn láti kírun bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ lémọ́mù.

Nínú oṣù Rámádánì, ẹni tí ara rẹ̀ gbà á láti gbààwẹ̀ lè lo omeprazole bí ó bá ti jí fún sààrì, kí ó dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó jẹun. Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún ní ìrọ̀lẹ́ lè fi dàbínù àti omi ṣínu, kí ó lo oògùn, kí ó kí ìrun mọ̀ǹgàríbì, kí ó sì padà wá jẹun. Oúnjẹ á ti bá oògùn níbi iṣẹ́, àjẹkì ìṣínu náà á sì dín kù kí àṣámù tó dé. Omi kíkan tó fúnra rẹ̀ gun ọ̀fun kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ tu ú dànù, ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì. Ẹni tí ààwẹ̀ ń sọ àìsàn rẹ̀ di líle, kí ó rántí pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ti fún aláìsàn láyè nínú Sūratul-Baqarah, āyah 184 àti 185.

Ohun tí ẹ̀rù ń ṣe sí àyà

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rù fúnra rẹ̀, nítorí ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara. Iṣan ìmọ̀lára so ọpọlọ pọ̀ mọ́ àpòlúkù àti ọ̀nà ọ̀fun. Bí ọkàn kò bá balẹ̀, ọ̀fun máa ń mọ ìtara díẹ̀ bí èyí tó pọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tún máa ń mí gúlegúle, á máa gbé afẹ́fẹ́ mì, á máa gùnfẹ̀, oorun kò sì ní kùn ún. Àyà á wá ta á sí i. Títa yẹn á mú un rò pé àrùn náà ti di ńlá, ẹ̀rù á tún lé. Ẹlòmíràn á gbé fóònù lóru, á máa ka nípa jẹjẹrẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀rù kò ní kí àìsàn má jẹ́ òótọ́; ó ń fi kún un ni.

Ohun tí ẹ lè ṣe lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ jókòó, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, kí ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́ títí ọwọ́ á fi gbéra, kí ẹ sì mí síta díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Àwọn tó ń ṣe zikr mọ̀ pé bí a bá fara balẹ̀ ṣe é láìkánjú, èémí á máa bá a lọ ní pẹ̀lẹ́. Bí àníyàn náà bá ń bá yín lọ síbi gbogbo, tí ẹ kò lè ṣiṣẹ́, tí ẹ kò lè sùn, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ọkàn náà ń ṣàìsàn bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣàìsàn.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n lè ní kí a ṣe?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àyà ń ta ló nílò àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́ tí kò ní àmì ewu kankan, dókítà lè kọ́kọ́ fún un ní oògùn kí ó wo bí ara ṣe gbà á. Bí kò bá lọ, àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ń wá kòkòrò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ óò kàn mú ìgbẹ́ díẹ̀ lọ ni. Àyẹ̀wò èémí náà wà, nínú èyí tí ẹ óò mu nǹkan kan, ẹ óò sì fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò. Fún àwọn méjèèjì, dókítà máa ń ní kí a dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àti oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí kòkòrò má baà sá pamọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè máa fi kòkòrò hàn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó ti kú tán, nítorí náà kò dára láti fi mọ̀ bóyá oògùn ti ṣiṣẹ́.

Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù ni endoscopy, àwọn kan ń pè é ní “kámẹ́rà inú.” Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Èkó àti ilé ìwòsàn yunifásítì Ìlọrin ń ṣe é. A ó sọ bó ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí ohun tí a kò mọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù jù.

Ẹ kò ní jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ rí ti mọ ìyẹn ṣe. Wọn yóò bi yín nípa oògùn tí ẹ ń lò: ẹ dárúkọ oògùn àtọ̀gbẹ àti èyíkéyìí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Bí ẹ bá ní eyín àtọwọ́dá, ẹ ó yọ ọ́. Wọn yóò fín oògùn sí ọ̀fun yín kí ó kú, tàbí kí wọ́n fún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń mú oorun kunni. Ẹ lè béèrè èyí tí ẹ fẹ́. Ẹ ó dùbúlẹ̀ ní ìhà òsì, ẹ ó fi eyín di ike kékeré kan mú, dókítà á sì rọra ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí gba ọ̀fun oúnjẹ. Kì í ṣe ọ̀nà èémí ló ń gbà, nítorí náà ẹ ó máa mí. Ó lè ṣe yín bí ẹni fẹ́ bì ní ìbẹ̀rẹ̀, inú á sì wú díẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbà. Wọ́n lè já ẹran tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́ fún àyẹ̀wò. Kì í dunni, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí jẹjẹrẹ. Ọ̀fun lè máa dunni díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ewu ńlá bíi kí awọ ya kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kò tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹni tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ oorun gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò mú un délé, kò sì gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà fún wákàtí 24.

Ẹnu ni wọ́n ń gbà wọlé, kò sí pé wọ́n ń tú ara sílẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin lè sọ ṣáájú pé ẹ fẹ́ kí ìbòrí yín wà lórí, àti pé ẹ fẹ́ kí nọ́ọ̀sì obìnrin tàbí ẹbí yín wà nítòsí. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má fi ọjọ́ rẹ̀ sí ọ̀sán ààwẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn.

Ìyá kan tó ń ta ẹja, tó sì ń ra oògùn lọ́wọ́ wa, sá fún àyẹ̀wò yìí ju ọdún méjì lọ nítorí ẹnìkan sọ fún un pé rọ́bà náà ń fa ọ̀fun ya. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sìn ín lọ níkẹyìn. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti pọ́n, apá kan àpòlúkù sì ti yọ gòkè. Wọ́n ṣètò oògùn rẹ̀, wọ́n sì ní kó dín jíjẹun ní agogo mẹ́wàá alẹ́ kù. Ohun tó sọ fún wa nígbà tó padà wá ni pé òun ti sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí òun tó tiẹ̀ lo oògùn kankan.

A kò ní purọ́ fún yín pé ìròyìn máa ń dára fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí àyà ń ta kì í ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ní in, bí wọ́n bá tètè rí i, ọ̀nà ìtọ́jú tó wà fún wọn pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá pẹ́ lọ. Àyẹ̀wò kì í dá àrùn sílẹ̀. Bó ti wà ló ń sọ.

Àwọn àmì tí kò gba ìdúró

Ẹ má ra oògùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà kíákíá, bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

– Oúnjẹ ń há ní ọ̀fun tàbí ó ń dunni láti gbé e mì.
– Ẹ ń rù láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀.
– Ẹ bì ẹ̀jẹ̀, tàbí ohun tó dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí.
– Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, láìjẹ́ pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin.
– Èébì tí kò dúró, tàbí kí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀.
– Àyà títa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ti lé ní ọdún 55.

Ẹni tó bá bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yàgbẹ́ dúdú kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la.

Bí a ṣe lè lọ tòun ti ẹ̀rù

Ẹ má dúró kí ẹ̀rù tán kí ẹ tó lọ, nítorí kì í sábà tán nílé. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú ìwé: Kí lẹ ń wá? Ṣé èyí tó rọrùn ju èyí lọ wà? Èló ni? Ìgbà wo ni èsì á jáde? Ẹ ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo owó fún yín kí ọjọ́ tó pé, títí kan ti ẹran tí wọ́n lè já. Bí ẹ bá ní ìwé ìdójútòfò ìlera, ẹ béèrè ohun tó san. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ mú ẹnìkan dání tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò máa sọ ìtàn òkú fún yín lójú ọ̀nà. Ẹ sì mú ọjọ́ kan pàtó, nítorí “mo máa lọ láìpẹ́” kì í dé.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin aya àti ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ẹlẹ́rù ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má sọ fún un pé ìmọ̀n rẹ̀ kò lágbára. Ẹ bá a gba ọjọ́, ẹ bá a wọ ọkọ̀, ẹ jókòó tì í.

Ànábì wa pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Gbígbára lé Ọlọ́hun kò ní kí ènìyàn fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso. Àyẹ̀wò wà lára okùn tí a fi ń so ó. Lẹ́yìn tí a bá ti so ó, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún Ẹni tó ń wonisàn.

Ẹni tí dókítà ti kọ ìwé àyẹ̀wò fún, tí ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tàbí nínú Kùránì nílé, ẹ mú un wá bá wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A ó jọ kà á, a ó sì ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí ó fi ọkàn wa balẹ̀. Àmín.